Ìyá Mi Ní Mẹ́jọ Ni Wá

Yàrá méjì ni a ní nínú agboolé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ní Lọ́kọ́ja, níbi tí èèyàn ti máa ń gbọ́ ohùn àwọn atukọ̀ láti orí Odò Ọya. Bàbá mi ń gbé inú ọ̀kan pẹ̀lú àwọn àpò kán-ún àti ẹní tó ń kó bọ̀ láti Ìlọrin. Ìyá mi àti gbogbo àwa ọmọ wà nínú èkejì. Ẹní mẹ́ta ni a ń tẹ́, a ó sì tò sórí rẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n. Èmi ni ọmọ karùn-ún, ààrin gan-an ni mo bọ́ sí: àwọn tó jù mí lọ ń ta mí nípàá, àwọn tí mo jù lọ ń tọ̀ sí mi lára. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Kí n má parọ́, ó ṣì ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ń dùn mí jù. Tí ìyá mi bá ra ẹja, òun fúnra rẹ̀ ló ń pín in, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ẹja kì í bímọ nínú ìkòkò. Bí a ti ń pọ̀ sí i ni tèmi ń kéré sí i. Nígbà tí a bí ọmọ kẹfà, ẹja mi fẹ́lẹ́. Nígbà tí ìkeje dé, egungun ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìkẹjọ dé, awọ ni mo ń jẹ. Bàbá mi a ní Ọlọ́run tó la ẹnu kò ní fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo máa ń wo inú àwo mi, mo sì máa ń rò ó pé bóyá ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún Ọlọ́run pé a ti di mẹ́jọ.

Nítorí náà, nígbà tí ikùn ìyá mi tún yọ, mo lọ bá a nídìí ààrò, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé kí èyí má wá o, kò sí àyè. Mo ń retí ìgbájú. Ìyá mi kàn wò mí. Àìsàn ìgbóná ti dá àpá sí i lójú láti ìgbà tó wà lọ́mọdé, ojú náà kì í sì í yára yí padà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣáájú rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ bí ọ."

Ó bu omi sí ọbẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Obìnrin ni ọmọ náà. Mo pinnu pé n kò ní fẹ́ràn rẹ̀, ìpinnu náà kò pé oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rín ló ń rín sí gbogbo nǹkan: ó ń rín sí ewúrẹ́, ó ń rín sí ìgbálẹ̀, ó ń rín sí bàbá mi nígbà tó bá ń fi ohùn líle bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ohunkóhun tí a bá fi sí i lẹ́nu, yóò jẹ díẹ̀, yóò yọ èyí tó kù, yóò sì fi í sẹ́nu ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Nínú ilé tí gbogbo wa ti ń fi ọwọ́ bo àwo, òun nìkan ló ń fúnni ní nǹkan. Ẹ̀wà tó ti tutù tí mo jẹ láti ọwọ́ ọmọ yẹn, n kò lè sọ iye rẹ̀.

Akọ̀wé ìjọba kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀lé tiwa. Ará Ìjùmú ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Kìrìsítẹ́nì ni wọ́n, ọmọ méjì péré ni wọ́n sì bí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Mo máa ń yọ́ lọ síbẹ̀ kí n lè wo àwọn bẹ́ẹ̀dì náà, kí n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí n tún padà sílé wá dá ìjà sílẹ̀. Ìyàwó akọ̀wé yìí àti ìyá mi fẹ́ràn ara wọn. Ìyá mi ń pè é ní "ìyàwó", òun náà ń pe ìyá mi ní "ẹ̀gbọ́n mi". Lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ bá ti dín, yóò wọlé pẹ̀lú "Ọ̀kún o" tí wọ́n fi ń kíni nílùú wọn, wọn yóò jókòó lábẹ́ òrùlé, wọn yóò sì máa bó ẹ̀gúsí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí, ìjà tí kò ní ariwo nínú. Ìyàwó akọ̀wé a ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ìyá mi a ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó akọ̀wé ní kí ìyá mi jẹ́ kí àwọn fi òwe sílẹ̀, kí àwọn sọ̀rọ̀. Ó ní ká sọ pé Ọlọ́run gbé igbá méjì kalẹ̀ níwájú yín. Ọmọ méjì ló wà nínú ọ̀kan, wọ́n ń jẹ àjẹyó, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé, kò sí ohun tí wọ́n ṣaláìní. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nínú èkejì, wọ́n ń jẹun ṣùgbọ́n wọn kì í yó. Èwo lẹ máa gbé?

Ìyá mi bó ẹ̀gúsí títí ó fi pẹ́. Ó wá béèrè bóyá àwọn mẹ́sàn-án yẹn máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó akọ̀wé ní wọ́n máa ń rín nígbà mìíràn. Ìyá mi ní, ṣé èyíkéyìí nínú wọn ti sọ pé òun ìbá má wá sáyé? Ó ní rárá, ṣùgbọ́n àwọn méje tí kò wá nínú igbá àkọ́kọ́, ebi kò pa wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀ wọ́n. Ìyá mi gbà pé òtítọ́ ni, ó ní ohun tó kàn ń dun òun ni pé a kò rí wọn bi. Ìyàwó akọ̀wé kò jẹ́ kó bọ́ níbẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀rín díẹ̀ ti tó láti fi pe ọmọ wáyé, kí ló dé tí a fi dúró lórí mẹ́sàn-án? Kí ló dé tí kì í ṣe ogún, kí oníkálukú máa rí òkèlè kan péré lójúmọ́? Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ogún á ti pa òun kí ìdajì wọn tó dé. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ pé ibi tó yẹ kí èèyàn dúró sí, òun kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ìgbóná wọ ilé bàbá òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ ìyá òun márùn-ún ló dùbúlẹ̀, òun nìkan ló dìde. Ẹni tó ti rí bí ilé ṣe ń dá páropáro kì í bí ọmọ méjì kó jókòó.

Ẹ̀yìn ìyàwó akọ̀wé ni mo wà. Mo gbà pé òun ló gbọ́n jù. N kò tíì ronú débi tí mo máa ka ara mi mọ́ àwọn tí kò yẹ kó wá.

Àbí kí n má sọ pé "ka". Ní ilé wa, a kì í ka ọmọ. Ìyá bàbá mi ló fi òfin yẹn lélẹ̀, ìyá mi kò sì fi ṣeré rí. Tí èèyàn bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, Alihamdulilahi." Tí oníbéèrè náà bá taku, tí ó di dandan kí ó dárúkọ iye kan, yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, èyí tó kéré jù, kí ẹni tó ń gbọ́ má bàa ní gbogbo wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí a kò kà kò sí lẹ́nu ayé. Ààbò ni. Gbogbo wa ni ìyá mi ti fi pamọ́ báyẹn rí, oníkálukú nígbà tirẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wá gba ipò náà.

Ọdún tí àbúrò wa kékeré ń rìn kiri ilé dáadáa, ìròyìn dé pé ìgbóná ti wọ àwọn ìletò tó wà lókè odò. Àwọn ará Nupe tó ń tukọ̀ bọ̀ wá sọ́jà ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, ẹ̀rù sì bà wá kí àìsàn náà fúnra rẹ̀ má bá wọn wá. Bàbá mi ti lọ sí Ìlọrin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni wolé-wolé wọ àdúgbò wa, ó wọ káàkì, ó mú ìwé dání, ó ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì.

Ìyá mi ń lọ ata nígbà tó yọ sí wa, ó pọn àbúrò wa sẹ́yìn. Wolé-wolé kí i, ó sì bi í ní èdè Hausa àti ní Yorùbá pé ọmọ mélòó ló wà níbí. Ìyá mi ní wọ́n wà níbẹ̀, Alihamdulilahi. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n mélòó? Ìyá mi ní kí ó wò yíká, ṣé kò rí wọn ni? Ó ní nọ́ńbà ni òun fẹ́ kọ sínú ìwé. Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Mẹ́jọ," ni ìyá mi wí.

Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ka tíkẹ́ẹ̀tì pélébé mẹ́jọ lé ìyá mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ ohun tí wọ́n wà fún. Ó ní lọ́jọ́ Àlàmísì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, wọn yóò bupá fún wọn, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ ha oògùn sí wọn lápá kí ìgbóná má lè ràn wọ́n. Oògùn náà kò tíì pọ̀, ó sì máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá ti ṣí i, nítorí náà iye tí àwọn kọ sínú ìwé ni àwọn yóò tú síta. Ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì yóò dúró de èyí tí ọkọ̀ mìíràn bá kó dé. Ìyá mi la ẹnu. Ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ àgbà pátápátá ni ìyá mi rán tẹ̀lé e. Ó bá a ní ìsàlẹ̀ ọjà, wolé-wolé sì sọ pé òun ti fa ìlà sídìí àdúgbò yẹn; pé tí òun bá ń gba ọ̀rọ̀ gbogbo ìyá tó kọ́kọ́ sọ ohun kan tó tún padà sọ òmíràn, ìwé òun kò ní tán láéláé. Ìyá mi kò bínú. Ó ní kò sí ẹni tí yóò rí ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tí yóò ní kí ó padà sílé. Ó pín tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ní kí oníkálukú tọ́jú tirẹ̀.

Mo fi tèmi sínú Kùránì kékeré tí mo ń lò ní ilé kéwú. Mo ń lọ wò ó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ohun gbogbo tí mo ní láyé, aṣọ, ẹní, ẹja, mo ń bá ẹlòmíràn lò ó. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ni kò sí ẹni tí mo máa bá pín in.

Èrò pọ̀ lábẹ́ igi dongoyárò níwájú ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Igala wà níbẹ̀, Ebira wà níbẹ̀, Nupe wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń fi èdè wọn pàrọwà sí ọmọ tó ń sunkún. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wo ẹ̀yìn ìyá mi, ó sì béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà. Ìyá mi ṣàlàyé. Mi ò lè sọ pé ọkùnrin náà burú. Ó fi sùúrù gbọ́ ọ, ó ní kí ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bá ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́ òun á ṣe é fún un. Ó wo ìlà tó wà lẹ́yìn wa, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó wá sọ pé tàbí kí ọ̀kan nínú àwọn ńlá wọ̀nyí fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kékeré, kí ẹni náà dúró de oògùn tó ń bọ̀. Kò mọ ìgbà tí yóò dé. Ó lè jẹ́ oṣù kan.

Ìyá mi yíjú sí wa. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú, orí wa ló wò kọjá.

Ó ní, "Ta ni yóò yọ̀ǹda tirẹ̀ fún àbúrò yín?"

Ìyá mi lè já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó wù ú. Ó lè nàka. Títí di òní ni mo fi ń bínú sí i pé kò nàka. Lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ ó sọ fún ìyàwó akọ̀wé pé tí òun bá nàka sí ọmọ kan, ọmọ náà yóò mọ̀ títí ayé pé òun ni ìyá òun lè fi sílẹ̀. Nítorí náà ó béèrè, ó sì dúró.

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Èèrà ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Àbúrò wa yọ ọwọ́ láti inú ọ̀já, ó na ọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé eré gbà-fún-mi tí a máa ń ṣe nílé ni. Mo gbé ọwọ́ mi lọ sẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi béèrè. Wọ́n bupá fún àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, apá ń ta wá, a jókòó ti ìyá mi lábẹ́ igi. Ó dúró títí ojú ìlà fi tán. Nọ́ọ̀sì náà yẹ ìgò oògùn wò lójú wa, ó dorí rẹ̀ kodò kí ìyá mi lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì lọ fọ ọwọ́. A rìn padà sílé. Ìyá mi ní kò séwu, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.

Ìgbóná ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ara ọmọ náà fi gbóná, lọ́jọ́ kẹrin nǹkan sú sí i lójú. Ìyá mi kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó jẹ́ fún un. Àwọn ìjọba ní ilé kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń kó àwọn tó ní àìsàn náà sí, ìyá mi nìkan ló sì lè bá a débẹ̀, nítorí àìsàn náà kì í ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó pọ̀n ọ́n, ó sì lọ. Kí wọ́n tó jáde, ìyàwó akọ̀wé fi àkàrà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń gbìyànjú láti fi í sẹ́nu ìyá mi láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ń gbé oúnjẹ lọ. Yóò gbé e sílẹ̀ lókèèrè, yóò pe ìyá mi, yóò sì padà. Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ láìsọ nǹkan fún wa. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dé láàárọ̀, ó ká ọ̀já sí ọwọ́, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti sin ín. A kò rí ojú oórì rẹ̀ rí.

Àwọn èèyàn wá kí wa. Mo mọ ohun tí Yorùbá máa ń sọ fún ẹni tí ọmọdé kú mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Omi wo? Ọmọ tó ń fi ẹ̀wà sí mi lẹ́nu ni wọ́n ń pè ní omi. Wọ́n tún ní kí ìyá mi dúpẹ́, ṣebí mẹ́jọ ló kù, mẹ́jọ kì í ṣe kékeré, àwọn kan ń wá ẹyọ kan. Àwọn èèyàn tí kò jẹ́ ka ọmọ fún ọlọ́mọ láyé wọn, wọ́n jókòó sínú ilé wa, wọ́n ń kà wá lójú ìyá wa. Ìyá mi ń ṣe àmín. Mo fẹ́ kí ó lé wọn jáde.

Bàbá mi dé láti Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àpò kán-ún, ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí. Ó ra ẹja wá. Ìyá mi pín in. Mo wo inú àwo mi, mo rí i pé tèmi ti tóbi díẹ̀ sí i. N kò lè gbé e mì. Mo gbé e fún ológbò, mo sì jáde lọ sunkún ní ẹ̀yìn ilé.

Ìyàwó akọ̀wé ń wá lójoojúmọ́. Ó sunkún ju ìyá mi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà níkùn èèyàn kì í pẹ́ kó tó bọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ìyá mi pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, tó bá jẹ́ pé orí mẹ́rin lẹ dúró sí, ẹ kò bá tí bẹ̀rù kíkà wọn, gbogbo wọn ni ìbá sì rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà, ojú yín kì bá tí rí èyí. Kò sọ ọ́ láti fi búni. Ó gbà á gbọ́ ni, ó sì ń dùn ún.

Ìyá mi pè mí láti ìta, ó dì mí mú ní èjìká méjèèjì, ó sì mú mi dúró níwájú obìnrin náà.

Ó ní, "Èyí ni ìkarùn-ún. Ìyàwó, sọ fún un."

Ìyàwó akọ̀wé wò mí. Ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ mi sí. Láti ọjọ́ náà, n kò lè wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ayé tó ń sọ, ayé tí gbogbo ọmọ ti ní bẹ́ẹ̀dì, ayé rere ni, ṣùgbọ́n n kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi náà kò sì ṣeé wà. Nítorí tó bá jẹ́ pé dídé sàn ju àìdé lọ, a jẹ́ pé ó sàn fún àbúrò mi kí ó wá lo ọdún kan ààbọ̀, kí ó sì fi ara rẹ̀ tó bó kúrò láyé nínú ilé tí a kò ti lè wọlé kí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi ara mi pé ká ní wọ́n fi gbogbo rẹ̀ hàn án ṣáájú, ẹ̀rín rẹ̀ àti ikú rẹ̀, ṣé yóò wá? Mo rò pé yóò wá, torí pé kò sí ohun tí ọmọ náà kò fẹ́. Ìdáhùn yẹn kò tù mí nínú. Tí ó bá jẹ́ ọmọ tó máa ń kọ nǹkan ni, bóyá ìbá dín dùn mí.

Ọdún bíi mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi àgbà rí iṣẹ́ sí Kàdúná. Lọ́sàn-án tó fẹ́ gbéra, a wà lágbàlá, èmi ni mo ń bá a fi okùn di àpótí rẹ̀. Ìyá mi wà nínú yàrá, ó ń kí ìrun Alaásàrì. Mo ronú pé tí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé èmi ni mo pa àbúrò wa. Mo ní ọwọ́ ló nà sí mi, tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ló nawọ́ sí, mo sì gbé e sá sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi okùn sílẹ̀. Ó ní kí n má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, òun ni. Òun ni àkọ́bí, òun ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun mọ̀ pé òun ni ìyá wa ń retí, òun sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òun ló ń gbé oúnjẹ lọ, òun ń gbọ́ igbe ọmọ náà láti òkèèrè lójoojúmọ́. Mo ní kì í ṣe òun. Ó ní kí ni mo mọ̀? Ohùn wa ròkè. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà nídìí ààrò jáde sí wa, ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó ní kí a dákẹ́ nítorí Ọlọ́run, pé òun ti la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n gba tòun, ó kù díẹ̀ kó jáde, òun sì pa á dé. A ń bá ara wa jà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kejì gbé e.

Mo ti rò pé tí mo bá sọ ọ́, a ó pín in, yóò sì fúyẹ́. Mo wo àwọn méjèèjì, mo rí i pé odindi ló wà lọ́rùn oníkálukú wọn, bó ṣe wà lọ́rùn mi. Bí mo ṣe bi àwọn yòókù léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá a lọ́wọ́ wọn, títí kan ìkẹjọ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ lọ́jọ́ ilé ìwòsàn.

Ìyá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, tẹsùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò mọ ìgbà tó ti ń gbọ́ wa.

Ó ní, "Ó wà lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi, mo sì ní mẹ́jọ. Ẹ̀yin ọmọ, tèmi ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó súre fún un, ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre títí, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ṣe àmín. Nígbà tó dìde, ìyá mi tún bi í bóyá ó ti fi í sílẹ̀ fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí rẹ̀ lé orí. Ó ní, "Rárá, Ìyá," ó sì lọ wọ mọ́tò.